Kí Ìyá Òjó Tó Dé

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìyá Òjó Dúródọlá wọ Jos láti Èkìtì. Ará ìlú wọn kan ló fún un ní àdírẹ́sì ilé Bùnmi, ó ní ibẹ̀ ni Òjó ń gbé. Ojú ìyá náà ti fọ́, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé ogun Bìáfúrà ti pa ọmọ rẹ̀ láti ọdún méje. Bí ọjọ́ náà bá dojú rú, ilé Bùnmi ni yóò tú.

Bùnmi pọn ọmọ rẹ̀, ó mú ìwé tó fi ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dání, ó wọkọ̀ lọ sí Vom, sọ́dọ̀ Lùkúmọ̀n tó ń tọ́jú màlúù. Òun àti Òjó ni wọ́n jọ ṣe sójà.

Nígbà tí Bùnmi sọ fún un pé ìyá Òjó ń bọ̀ nílé òun ní Sátidé, ó bi í pé, “Kí ni Òjó jẹ́ sí ẹ?”

“Orúkọ rẹ̀ làwọn ọmọ mi ń jẹ́, bọ̀ọ̀dá.”

Lùkúmọ̀n wo ọmọ tí Bùnmi pọ̀n. Kò tíì hu eyín. Ó rẹ́rìn-ín. “Haba! Ó ti yé mi. Àbúrò rẹ̀ ló ṣú ẹ lópó.”

Bùnmi ṣí ìwé. Kò bèèrè bí Òjó ṣe kú. Ó bèèrè ọwọ́ tó fi ń jẹun, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í jẹ.

“Òkété. Èèwọ̀ ilé wọn ni. Ebi ń lù wá pa nínú igbó, Òjó ò fẹnu kàn án.”

Bírò dúró lọ́wọ́ Bùnmi. Òkété ló fi se ọbẹ̀ láàárọ̀.

“Kí ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é?”

“Àjàní. Yèyé lòun náà ń pe ìyá. Ohun tó ń pè nìyẹn títí ẹ̀mí fi bọ́.” Lùkúmọ̀n wolẹ̀. “Kí n tó padà síbi tí mo tẹ́ ẹ sí, ẹnì kan ti tú àpò rẹ̀. Ó kó ìwé sójà rẹ̀ lọ.”

Bùnmi ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lùkúmọ̀n ní, “Màá wá kí Yèyé ní Sátidé.”

“Rárá!” Ọmọ ẹ̀yìn ta gìrì, ó bú sẹ́kún. Bùnmi rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀.”

“Kò burú. Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu.”

Nínú ọkọ̀, ó ń ka ohun tó kọ, ètè rẹ̀ ń mì, omijé ń kán sórí ìwé, títí wọ́n fi kọjá Bukuru.

Ó délé, ó da ọbẹ̀ nù, ó ká ìwé sójà tí ọkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Òjó kúrò lórí tábìlì níwájú ọkùnrin náà, ó tẹ́ ìwé tirẹ̀ síbẹ̀, ó ní, “Ká ní Yèyé rẹ ti wọlé, wọ́n ní, ‘Àjàní,’ ó yá, dáhùn.”