Ogójì Mọ́ínmọ́ín Tó Yege

"Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn, ti Bàbá ni." Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ fi ara bo mọ́ínmọ́ín tó kù.

Ogójì ló gbé wá sí gbọ̀ngàn wọn ní Woodbridge lókè òkun, torí ẹgbẹ́ pé ogójì ọdún. Ẹni tí Bàbá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ bá dé akoto funfun lé lórí lónìí ni alága tuntun. Akọ̀wé ti wọn orí ara rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún torí akoto yìí. Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ ni pé ohun tí wọn ò bá yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àlejò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti yẹ mọ́kàndínlógójì wò títí dé inú ikùn. Hameedat, ọ̀kan nínú wọn, nìkan yẹ mẹ́jọ wò, àgbọ̀n rẹ̀ ń sáré ju subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ.

"Akọ̀wé wa, bí èyí tó kù bá ti bà jẹ́ ńkọ́?" Hameedat bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ pa Bàbá ni?"

Akọ̀wé ronú sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá wọlé, ó bá ogójì ewé. "Ta ló jẹ tèmi?"

"A ò jẹ ẹ́, Bàbá," akọ̀wé ní. "A yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó yege."

Bàbá ki ọwọ́ sínú kóòtù òtútù rẹ̀, ó yọ mọ́ínmọ́ín gbígbóná kan. "Èmi ni mo kó yín jọ. Mo mọ̀ yín."

Akọ̀wé na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìyẹn náà wò, sà."

Bàbá wò ó títí. Ó fi ọwọ́ kan dé akoto lé e lórí, ó fi èkejì di mọ́ínmọ́ín rẹ̀ mú gírígírí.