Aago Tí Wọ́n Dán Wò Ní Ìdùbúlẹ̀

Àìnísùúrù ni àlébù ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọgbọ́n ni òun sì kà á sí. Atúnaagoṣe ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè dúró kí nǹkan fi ara rẹ̀ hàn. Wòólẹ́ẹ̀kan ni àwọn oníbàárà ń pè é, oríyìn ni wọ́n sì fi ń ṣe.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ìyá yìí bá fọ aago tán, tó kán epo sí i, tó tò ó padà, kì í dá a padà fún ẹni tó ni ín kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé. Á gbé e kalẹ̀ kó kọjú sókè, á tún dojú rẹ̀ délẹ̀, á gbé e kọ́ ara ìṣó ní ìdúró. Á wò ó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orí rẹ̀ láti fún un lágbára, á sì wò ó nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ. Láràárọ̀, tí rédíò bá ti kéde aago méje, á kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi yára tàbí tó fi falẹ̀ sínú ìwé.

Wòólẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ràn èyí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó máa ń gbọ́ ìró aago, tó sì ń sọ láàárín ìṣẹ́jú kan bó ṣe ń rìn sí.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀rọ ti ní ó dára. Kí la tún ń dúró dè?"

"Ohun tó gbọ́ nísinsìnyí ló sọ," ìyá náà á dáhùn. "Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀, ọmọ mi."

Nígbà tó gba òmìnira, iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ gan-an ló ṣí tirẹ̀ sí. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé: GBÉ E WÁ LÁÀÁRỌ̀, GBÀ Á LỌ́SÀN-ÁN. Èrò ya lù ú. Kò pé ọdún méjì tí ilé iṣẹ́ rélùwéè fi gbé aago gbogbo àwọn aṣọ́géètì ojú irin fún un pé kí ó máa tún wọn ṣe, kí ó sì máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn.

Bàbá kan wà lára àwọn aṣọ́géètì yìí. Òun ló ń ti géètì kí ọkọ̀ ojú irin má baà kọlu ẹni tó ń sọdá. Ó gbé aago àpò rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọmọ mi, mi ò kánjú. Mo ti yá aago ẹnìkejì mi lò. Jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀, kó o mọ ìwà ẹ̀."

Wòólẹ́ẹ̀kan bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi aago yín fọ́kọ ni, tí mo fi máa wádìí ìwà ẹ̀?"

Lọ́sàn-án, ó tẹ́ aago náà sórí ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló fi ń falẹ̀ lójúmọ́. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí pé: "A dán an wò ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Ó péye." Kò sì gbé e nàró rí.

Kẹ̀kẹ́ tíńtín tó ń mì lọ mì bọ̀ nínú aago náà wúwo lápá kan. Bí aago bá dùbúlẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Bó bá nàró, kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Inú àpò ẹ̀wù sì ni Bàbá ń fi í sí, ara ìṣó ló ń gbé e kọ́ tó bá fẹ́ sùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú àkókò tí aago Bàbá wí. Ara fu ú. Ó yọ ìwé ẹ̀rí wò, ó ní, "Awakọ̀ yìí ló sáré," ó sì gba ìwé gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo ojú irin. Ọkọ̀ aago méje ń bọ̀, ṣùgbọ́n aago Bàbá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án falẹ̀, géètì ṣì ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke ẹrù pákó kọjá. Fèrè ọkọ̀ dún lójijì. Bàbá sáré, ó ti ọkùnrin náà dànù. Orí kó ọkùnrin náà yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá kò yọ. Orúnkún ni wọ́n ti gé e ní ọsibítù.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Wọ́n ní oorun ló gbé Bàbá lọ. Wọ́n pe Wòólẹ́ẹ̀kan, wọ́n mú un búra. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó jẹ́wọ́, àmọ́ ó ronú kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó tẹ́ aago náà sórí tábìlì níwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi wé ti ara ògiri. Fún odindi wákàtí kan, méjèèjì jọ ń rìn ni.

"Ẹ̀yin náà ẹ fojú yín rí i," ló wí. "Aago ò jẹ̀bi."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ ìdájọ́ ni ọmọbìnrin Bàbá dìde. Ó ti mú ìyá tó kọ́ Wòólẹ́ẹ̀kan níṣẹ́ wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kọ́ ara ìṣó yẹn títí di ìwòyí ọ̀la," ni ìyá náà wí.

"Kí ló dé, Mà?" ni alága bi í.

"Ẹnìkan kì í dùbúlẹ̀ ṣọ́ géètì, Sà. Ẹ jẹ́ kí aago náà nàró bí ẹni tó ni ín."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, aago Bàbá ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá falẹ̀. Alága na ìwé ẹ̀rí sí Wòólẹ́ẹ̀kan.

"'Ní ìdúró' lo kọ síbí. Ọjọ́ wo lo gbé e nàró?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Wọ́n dá Bàbá láre. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Wòólẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan nítorí ìbúra èké. Nígbà tó jáde, ilé Bàbá ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí Bàbá fi ń rìn.

Bàbá ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́ látọkàn wá. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan aago mi mọ́ láéláé."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Ohun tó dára lójú ẹ̀ẹ̀kan kò tíì dára. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó dìde, kó yó, kí ebi pa á, kí a tó jẹ́rìí sí i. Ká má fọwọ́ sí ohun tí a kò dán wò, nítorí ẹni tí a kò mọ̀ lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wa. Bí ìkánjú bá sì ti mú wa ṣàṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́. Àṣìṣe ló gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, irọ́ tó fi bo àṣìṣe ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n.