Ẹni Tó Wà Níwájú Onílé

Yàrá iwájú ni Tọ́nà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, èyí tó ń yí irin fìrìfìrì kí ọ̀bẹ lè fá a. Bọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń ṣe, irin róbótó tí kì í jẹ́ kí mọ́tò pariwo bó bá wọ kòtò. Òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń sùn ní yàrá kejì. Ìyàwó ló ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Nọ́ńbà nìkan ló ń kọ sára irin, á sì fún oníbàárà ní ìwé tó ní nọ́ńbà kan náà, torí ọkọ rẹ̀ ti búra pé òun ò fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, kí òun má baà ṣojúsàájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onílé já wọlé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà méje sí.

"Tọ́nà, tèmi dà? Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la, mọ́tò mi sì ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí."

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Nọ́ńbà mẹ́fà ni mo ń fá lọ́wọ́. Tiyín ló kàn."

"Èmi tí mo ni òrùlé orí ẹ!"

"Òrùlé lẹ ni, sà. Ẹ ò ni nọ́ńbà mẹ́fà."

Ìyàwó Tọ́nà fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá wọn, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn..."

"Má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi!"

Bọ́ọ̀ṣì náà parí. Onílé gbà á, ó fi wé èyí tó ti jẹ tó mú wá láti ilé.

"Ìwọ̀n kan náà ni! Jẹ́ n mú èyí lọ, kó gba tèmi."

"Ẹni tó ni ín ló ń bọ̀ wá gbà á, sà."

Onílé rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó ju bọ́ọ̀ṣì sínú ṣáláńgá. "Kí olórí burúkú yẹn fẹsẹ̀ rìn lọ́la!"

Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló kù. Tọ́nà dè é mọ́ ẹ̀rọ.

"Nọ́ńbà mẹ́fà ni mo tún ń ṣe, sà. Ẹ̀yin ló kàn tí irin mìíràn bá dé."

"Kó ẹrù ẹ! N kò gbọdọ̀ bá ẹ nílé mi láàárọ̀ ọ̀la."

"Mo ti gbọ́, sà."

Onílé fi ìbínú ti ilẹ̀kùn gbàgà. Tọ́nà wo àpò ẹrù tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún tan ẹ̀rọ.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, ìyàwó onílé yọ́ wọlé, ó na ìwé nọ́ńbà mẹ́fà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wé e dáadáa, mo fẹ́ fi ya ọkọ mi lẹ́nu ni."