Ìdí Ìyá Iyùn Rírọ̀

Ní àràárọ̀, Fìwàṣayé a máa yẹ ìdí ìyá àwọn iyùn rírọ̀ wò, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń hù bí òdòdó nísàlẹ̀ òkun. Iṣẹ́ wọn ni láti gbin iyùn padà sínú òkun, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n gbin èyí tó bá jẹ́ àlejò. Ẹ̀rọ á gé bíńtín lára wọn, á ka àmì tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí kì í tètè yí padà.

Lónìí, ẹ̀rọ ní èyí tó ti erékùṣù São Tomé dé, ọmọ etí òkun ti àwọn Fìwàṣayé gan-an ni.

Fìwàṣayé sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Bùọ̀dá Làńkẹ́, irú èyí ti kú tán níbí."

"Mo mọ̀. Àwọn ará São Tomé ní obìnrin òmùwẹ̀ kan láti ibí ló fún àwọn ní ìyá iyùn yìí lógójì ọdún sẹ́yìn. Ìyá rẹ ni wọ́n dárúkọ."

Fìwàṣayé jókòó. Ó rántí bó ṣe bínú lọ́mọdé, pé ìyá òun ń fi iyùn wọn ta àlejò lọ́rẹ. Ìyá rẹ̀ ń fún omi kúrò nínú irun, ó rọra ní, "Ohun tó bá wà níbi tó pọ̀ kì í tètè run."

Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé kí wọ́n lọ gbìn ín?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fúnra mi, sà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni kò ti mòòkùn mọ́. Nígbà tó dé etí òkun, ó gbá iyùn náà mọ́ àyà, ó sì bẹ́ sómi.