Obìnrin Tí Kò Mọ Ẹja Gáà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Odilon Robichaux jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí odò Atchafalaya, ó ń wo obìnrin tó fẹ́ bá a lọ pẹja bí ẹni tó rí ẹrẹ̀ lára bàtà tuntun. Ó ti fi ogójì ọdún mú àlejò lọ pa ẹja gáà, kò sì fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn.

“Ìwọ náà fẹ́ pa gáà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn? Ọwọ́ ẹni tó ń fọ abọ́!”

Obìnrin náà tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí odò ti pín sí méjì, ó yà sósì.

“Ta ló ní kó o yà?”

“Mo ṣèèṣì ni, Bàbá.”

“Orí ló yọ ẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn gáà wà.”

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹja gígùn kan yọrí, ó mí èémí kan bí gáà ṣe máa ń ṣe, ó tún rì.

“Gáà ọ̀nì nìyẹn!” ni obìnrin náà wí.

Odilon pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbà mí o! Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ló ń pè ní gáà ọ̀nì! Ẹnu gáà ọ̀nì fẹ̀, ó kúrú, eyín òkè rẹ̀ sì tò ní ìlà méjì. Ṣé wọn kì í lo ojú ní Houston ni?”

“Mi ò wá láti Houston. Ìtòsí ibí ni mo ti wá.”

“Irọ́. Ọmọ ìtòsí ibí ò lè gọ̀ tó báyìí.”

Òmíràn yọ, orí rẹ̀ kún fún àmì dúdú.

“Èyí ńkọ́? Ṣé àìsàn ló ń ṣe é?”

“Baba ẹ ni àìsàn ń ṣe! Gáà alámì nìyẹn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.”

Obìnrin náà fi ègé ẹja sí ìwọ̀, ó jù ú sómi. Kò pẹ́ tí okùn ìwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ó di ọ̀pá mú, ó fẹ́ fà á.

“Fi sílẹ̀! Jẹ́ kó gbé e mì ná, ọ̀kánjúwà!”

Odilon já ọ̀pá gbà. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó ń fà á. Obìnrin náà di bẹ́líìtì Odilon mú látẹ̀yìn títí ẹja fi rẹ̀. Gáà ọ̀nì ni: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó kúrú, ara rẹ̀ sì gùn ju Odilon lọ. Obìnrin náà ju okùn mìíràn sí ẹja náà lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mú un.

“Ẹ̀rù ló jẹ́ kí okùn yẹn bọ́ síbẹ̀,” ni Odilon wí.

Wọ́n tú ẹja náà sílẹ̀. Odilon ń kọrin lójú ọ̀nà bọ̀.

“Lọ sọ fáwọn èèyàn ẹ pé ìwọ lo mú un. Wọ́n á gbà, òpè bíi tìẹ ni wọ́n. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pè ẹ́?”

Odilon ti béèrè orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà.

“Ozélie.”

“Orúkọ tó dáa. Wọ́n kàn fi ṣòfò ni.”

Ìyàwó Odilon ti ń dúró dè wọ́n ní èbúté. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó sì wo Ozélie lójú láti béèrè bó ṣe lọ.

“Màmá, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó sì tún kọ́ mi nípa gáà látìbẹ̀rẹ̀ ni o,” ni Ozélie wí, ó ń nu ojú, “láti ìgbà tó ti gbàgbé pé òun lòun bí mi, mi ò tíì rí i kí inú ẹ̀ dùn báyìí.”