Èkúté Funfun Bí Ọmọ Dúdú

"Sáré dé pósófíìsì! Kí wáyà yẹn dé London lónìí!" Ọ̀mọ̀wé ti ọlọ́kadà lẹ́yìn, ó padà sínú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Èkúté funfun tó kó wá láti ìlú òyìnbó sí Igbó-Ọrà ló bímọ, irun ara àwọn ọmọ sì dúdú bíi kóró iṣin. Àbùdá tuntun, irú èyí tẹ́nì kan ò rí rí! Ohun tó kọ sínú wáyà náà nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé ò tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ lajú tó fi sọ àbùdá náà ní orúkọ ara rẹ̀.

Ìyá Mùínàt, onílé rẹ̀, yọjú wo inú àgò. "Ẹ kú ewu ọmọ o, Dókítà."

"Màmá, iṣẹ́ ọpọlọ lẹ̀ ń wò yẹn! Láti ogún ìran ni wọ́n ti ń fi ẹ̀gbọ́n fún àbúrò nínú ìdílé èkúté yìí, kí ẹ̀jẹ̀ àjèjì má baà wọ̀ ọ́. Funfun ní í bí funfun. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí dúdú!"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Asitagafurulai! Nínú ilé tí mo ti ń kírun? Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fi wà ní Ìbàdàn, mo bá wọn mú ọkọ gidi wá látinú àká àgbàdo mi. Mo mọ ìdílé ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí oyún dúró, mo ní kó máa lọ."

Ọ̀mọ̀wé bẹ́ síta, ó ń ké pe ọlọ́kadà. Eruku nìkan ló kù lójú ọ̀nà.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti fi orúkọ yín sọ wọ́n," ni ìyá wí nígbà tó padà wọlé. "Ẹ yáa bẹ bàbá wọn."

Lórí àjà, èkúté ilé kan jókòó, ó ń nu irùngbọ̀n bíi bàbá ìkókó.