Ohùn Ìyá Fadérera

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀. Ní ìlú kékeré kan lórí òkè nílẹ̀ Èkìtì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fọlárànmí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ohùn àti àwòrán àwọn olórin sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń kọrin. Ó mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àṣehàn ń bá a jà. Kò sóhun tó dùn mọ́ ọn tó kí èèyàn rí irinṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lanu.

Ìyá Fadérera, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, nìkan ló kù nílùú tó mọ orin alámọ̀ bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́. Oríkì ìdílé wọn wà nínú orin náà, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, ìyá ránṣẹ́ pè é.

“Ọmọ mi, àyà ń dùn mí. Fadérera wà lókè òkun, n kò mọ̀ bóyá yóò bá mi. Wá gba orin yìí sílẹ̀ fún un ní Sátidé. Má jẹ̀ẹ́ kí ariwo pọ̀ o.”

Fọlárànmí lọ bá Lámidì tó ń ta ẹ̀rọ, ó ròyìn iṣẹ́ náà fún un. Lámidì mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan jáde tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, bátìrì méjì péré ló ń lò.

“Gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá lórí ẹní,” ni Lámidì wí. “Ohùn lò ń lọ gbà.”

Fọlárànmí bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kí èmi mú nǹkan tó ń wọ àpò lọ síbi iṣẹ́? Ṣé kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Ó lọ yá kámẹ́rà ńlá, iná gíga mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa tan iná náà.

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ kò lè gun òkè dé ilé ìyá. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù náà, gbogbo àdúgbò sì tẹ̀ lé wọn wá wòran. Kí wọ́n tó tò ó tán, ó ti rẹ ìyá lórí ẹní. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri.

“Ṣé kò ṣeé pa ni?” ìyá béèrè.

“Màmá, bí mo bá pa á, iná ò ní tàn.”

Ìyá mí kanlẹ̀, ó dijú, ó sì kọrin. Fọlárànmí ní tirẹ̀ ń tún iná ṣe sí i lójú. Kò fetí sí orin náà rárá.

Nígbà tó délé tó tẹ́tí sí ohun tó gbà sílẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló gbọ́. Ohùn ìyá dà bí ti ẹni tó ń ké nínú kànga. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sáré padà lọ kó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ. Kó tó débẹ̀, ìyá ò lè dìde mọ́.

“Ṣé ẹ̀rọ rẹ gbà á dáadáa?” ìyá béèrè.

“Ó gbà á, màmá.”

“Ó tán. Mo lè sinmi nìyẹn.”

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni ìyá kú.

Fadérera dé fún ìsìnkú. Ó jókòó, ó ń wo àwòrán tí Fọlárànmí gbà sílẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ìmọ́lẹ̀ tó rẹwà, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú. Ó yíjú sí Fọlárànmí, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Ìwọ tó wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ?”

Fọlárànmí tẹrí ba. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí iṣẹ́ bá ń fẹ́ ni kí ẹ mú lọ sídìí iṣẹ́, ẹ má ṣe mú ohun tí aráyé yóò tìtorí rẹ̀ yìn yín. Ẹni tó bá ń wá ìyìn lè pàdánù ohun tí kò ní padà wá mọ́. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.